Bí a ṣe ń fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó wà ní Kàbbà tí àwọn bàbá tó ni ìwé ẹ̀rí sì wà káàkiri Ìyàrà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kò gbọdọ̀ di gbogbo ìwé náà pọ̀ kí ó sì gbé e fún awakọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kàn ní gáréèjì. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ orí ìwé kọ̀ọ̀kan wé orúkọ tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì onítọ̀hún, kí ẹ sì rí i pé gbogbo ìbuwọ́lùwé ti pé.

Bí ìwé náà yóò ṣe rìn ló gba ìrònú jù. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun tó ja ogun òmìnira Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ wọn tí à ń pè ní Society of the Cincinnati sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1783, ìwé ẹ̀rí wọn, tí Pierre Charles L'Enfant ya àwòrán rẹ̀ tí George Washington, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, àti Henry Knox, akọ̀wé rẹ̀, sì buwọ́ lù, jẹ́ awọ ẹran tó fẹ̀. Ìfìwéránṣẹ́ ayé ìgbà yẹn kò bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mu: kò sí sítáǹbù, lẹ́tà fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣẹ́ po tí wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́. Òfin ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ọdún 1792 sì bu owó lé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí iye ewé ìwé àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó, sẹ́ǹtì 6 fún ewé kan tí kò ju 30 máìlì lọ, sẹ́ǹtì 25 bí ó bá ju 450 máìlì lọ, ẹni tó gbà á ló sì sábà máa ń san án. Lójú tèmi, arìnrìn-àjò tó ṣeé fọkàn tán ló yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣẹ́ tiyín po. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín páálí méjì, kí ẹ fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń gbà á síta. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ń lọ síbẹ̀, òun ni kí ẹ fún. Bí kò bá sí, ẹ fi wébíìlì ránṣẹ́, kí ẹ san owó rẹ̀ ní Kàbbà, torí kò bójú mu kí bàbá arúgbó sanwó kí ó tó gba ẹ̀yẹ rẹ̀. Ẹ pe akọ̀wé ẹ̀ka kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó dúró gbà á, kí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí ìwé nígbà tó bá gba tirẹ̀. Ti ẹni tó ti kú, ẹ fún opó rẹ̀ tàbí àkọ́bí níṣojú ẹlẹ́rìí. Èyí tí kò bá rí ẹni gbà á, kí ó padà sí Kàbbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lọ.