Bẹ́ ẹ ṣe lè máa rí fíìmù gidi tí ẹnikẹ́ni ò polówó ẹ̀ fún yín

Tẹ́ ẹ bá ń dúró kí fíìmù wá bá yín nílé, àwọn tó lówó ìpolówó nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn fíìmù tí èèyàn fi owó ara ẹ̀ àti owó ọ̀rẹ́ ṣe, àtàwọn tó ń bọ̀ láti Iran, Senegal, Korea, Brazil, wọn ò ní owó bílíbọ́ọ̀dù, àwa la máa lọ wá wọn. Ohun tí èmi ń ṣe ò sì le: mo máa ń ka orúkọ fíìmù táwọn àjọ̀dún fíìmù bá kéde, mo ní àwọn òǹkọ̀wé rífíù méjì mẹ́ta tí mo ti mọ ẹnu wọn, mo tún ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ orúkọ sí. Ìwé yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ máa rí ìdí ẹ̀.

Ti àjọ̀dún ná. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ bàálù lọ sí Cannes o. Orúkọ àwọn fíìmù tí wọ́n mú lẹ ń wá, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí wẹ́bùsáìtì wọn. Sundance àti Rotterdam máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, Berlin ní oṣù Kejì, Cannes ní oṣù Karùn-ún, Locarno ní oṣù Kẹjọ, Venice bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹsàn-án, Toronto tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án kan náà, London ní oṣù Kẹwàá. FESPACO tó wà ní Ouagadougou, ní Burkina Faso, látọdún 1969, ọdún méjì méjì ni tiwọn, ibẹ̀ ni Newton Aduaka ọmọ Nàìjíríà ti gba ẹ̀bùn àgbà ní 2007. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, AFRIFF ń bẹ ní oṣù Kọkànlá, iREP wà fún àwọn fíìmù tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, S16 wà fún fíìmù kúkúrú, ẹsẹ̀ yín lè gbé yín dé gbogbo ẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní London ní Film Africa tiwọn.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣí ìwé ètò wọn, ẹ má kàn wo àwọn fíìmù tó ń du ẹ̀bùn ńlá. Àjọ̀dún dà bí ọjà, ìsọ̀ ìsọ̀ ló pín sí, àwọn olùdarí tuntun kì í sábà sí ní ìsọ̀ iwájú. Ní Cannes, ẹ yẹ Un Certain Regard wò, ẹ yẹ Directors' Fortnight àti Critics' Week wò. Ní Berlin, ẹ wo Forum. Inú Forum yìí ni Eyimofe táwọn ìbejì Esiri ṣe ti kọ́kọ́ jáde ní 2020, Un Certain Regard sì ni My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr. wọ̀ ní 2025, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Cannes máa mú sínú àṣàyàn wọn gangan. Ẹni tó bá wo orúkọ àwọn tó ń du Palme d'Or, ìyẹn ẹ̀bùn àgbà Cannes, nìkan lọ́dún yẹn ò ní rí i rárá.

Ìwé yẹn wá ńkọ́? Ṣẹ́ ẹ rí i, fíìmù àjọ̀dún kì í tètè dé. Ó máa kọ́kọ́ yí ká àwọn àjọ̀dún mìíràn, lẹ́yìn ẹ̀ ẹnì kan á rà á fún Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn á rà á fún Faransé, ti Áfíríkà lè má tíì ní olówó. My Father's Shadow yára ni o, oṣù Karùn-ún ní Cannes, oṣù Kẹsàn-án ó ti wà ní ilé sinimá ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn á gbà tó ọdún kan, ọdún méjì, nígbà tó bá sì máa dé, gbogbo ariwo ti rọlẹ̀, ẹ ti gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé fíìmù púpọ̀ ti kọjá lára mi báyẹn. Torí náà ẹ kọ orúkọ fíìmù, ìlú tó ti wá, àjọ̀dún tẹ́ ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ olùdarí, torí orúkọ fíìmù máa ń yí padà láti èdè kan sí èkejì àmọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é ò ní yí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé ìwé náà jáde, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ wọ́n sórí wẹ́bùsáìtì JustWatch níkọ̀ọ̀kan, ó máa sọ fún yín ibi tẹ́ ẹ ti lè wo fíìmù náà ní orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà.

Ó kù sórí rífíù, ibí ni wọ́n ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá rí 95% lórí Rotten Tomatoes, wẹ́bùsáìtì tó ń kó rífíù jọ, kì í ṣe pé fíìmù yẹn gba máàkì 95 o. Ohun tó ń sọ ni pé nínú èèyàn 100 tó kọ rífíù, 95 ló ní ó dáa, yálà ó dáa díẹ̀ tàbí ó dáa kọjá sísọ. Téèyàn mẹ́wàá bá wò ó tí gbogbo wọn ní “kò burú”, 100% ni wọ́n máa gbé síbẹ̀. Fíìmù mìíràn wà tí ìdajì wọn fẹ́ràn bí ẹ̀mí ara wọn tí ìdajì tó kù ò fẹ́ rí i sójú, 50% ló máa gbà, tí kò bá sì ti pé 60% jíjẹrà ni wọ́n máa pè é. Èmi máa ń wá irú èyí tó fa ìjà yẹn, torí fíìmù tó lè pín èèyàn sí méjì ní nǹkan nínú.

Èèyàn lẹ máa wá, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ mú fíìmù kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ lọ ka ohun táwọn èèyàn kọ nípa ẹ̀ lórí àwọn wẹ́bùsáìtì bíi Letterboxd, What Kept Me Up, Afrocritik tàbí Akoroko. Ẹni tó bá sọ ohun tó fojú rí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sójú òṣèré, ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀, ìdí tí ìparí ẹ̀ ò fi wọlé, ẹ di ẹni yẹn mú, kódà tẹ́ ò bá gba tiẹ̀. Ẹni tó kàn ń pariwo pé kò sírú ẹ̀ rí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún máa ka èyí tó bu fíìmù, torí ẹni tó kọ pé “ó lọ́ra, kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá kan kàn ń se oúnjẹ”, ó lè jẹ́ fíìmù tẹ́ ẹ ti ń wá látọjọ́ yìí ló ń sọ. Ẹ má sì ka iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ ní Cannes sí: àwọn tó ṣe fíìmù náà wà nínú gbọ̀ngàn níbẹ̀, kámẹ́rà ń wo gbogbo èèyàn lójú. Bákan náà ni àwòrán ewé méjì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára pósítà láti fi hàn pé àjọ̀dún kan mú fíìmù náà tàbí fún un lẹ́bùn. Àwọn àjọ̀dún kan wà tó jẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí òǹwòran, gbogbo ẹni tó bá sanwó ló ń gba ẹ̀bùn. Ẹ wo orúkọ àwọn adájọ́ wọn, ẹ wo fíìmù tí wọ́n mú lọ́dún tó kọjá, tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, ẹ kọjá lọ.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù: fíìmù kan ló ń mú èèyàn dé òmíràn. Tí ọ̀kan bá wọ̀ yín lára, ẹ má pa á nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mami Wata ti C.J. Obasi, Lílis Soares ará Brazil ló mú kámẹ́rà ẹ̀, Sundance sì fún un lẹ́bùn fún iṣẹ́ yẹn ní 2023, ẹ wá wo nǹkan mìíràn tí obìnrin yìí ti yà. Ẹ wo ẹni tó fowó sí i pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá rí Hubert Bals Fund ti Rotterdam tàbí World Cinema Fund ti Berlin, ẹ lọ sí wẹ́bùsáìtì wọn, orúkọ àwọn fíìmù tí wọ́n ti ràn lọ́wọ́ wà níbẹ̀, láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, kíkà ẹ̀ á tó yín fún oṣù mẹ́fà.

Tàbí kẹ́ ẹ mú ìlú kan ṣoṣo fún oṣù kan. Iran ni màá kọ́kọ́ dábàá: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Abbas Kiarostami tó gba Palme d'Or ní 1997, kẹ́ ẹ wá bọ́ sórí Jafar Panahi, ọkùnrin tí ìjọba fòfin dè ní 2010 pé kó má ṣe fíìmù fún ogún ọdún, síbẹ̀ tó ń yà á ní ìkọ̀kọ̀, tó sì gba Palme d'Or tiẹ̀ ní 2025. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tó sún mọ́ wa, Dahomey ti Mati Diop ń bẹ, lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà sí Benin ní 2021. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2024, kò sì gùn ju wákàtí kan lé díẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ owó dátà ló ń dà yín láàmú, ẹ wá èèyàn mẹ́ta sí i lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ jọ san owó MUBI, ìkànnì tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún oṣù kan, kẹ́ ẹ máa pàdé nílé ẹnì kan ní alẹ́ Sátidé. Ẹ tún bi àwọn Alliance Française àti Goethe-Institut l'Ékòó, ilé àṣà Faransé àti ti Jámánì, wọ́n máa ń fi fíìmù hàn. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, kó mú káàdì láíbìrì ẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá láíbìrì náà ní Kanopy, ìkànnì fíìmù tí láíbìrì ń sanwó ẹ̀, tó bá ní in, kò ní san kọ́bọ̀.