Ẹ Jẹ́ Kó Gbẹ Kí Ẹ Tó Gbé E Síná

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí lórí iṣẹ́ fífi screen tẹ àwòrán sára ẹ̀wù ni pé, "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń gbé screen yín síná?" Mo ní iye tèmi, màá sì dárúkọ rẹ̀ tó bá yá, àmọ́ kò ní ṣe yín láǹfààní kankan tí emulsion tó wà lójú screen yín kò bá gbẹ dénú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jìyà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ìṣẹ́jú 8 dán an wò, àwòrán bá omi lọ. Mo sọ ọ́ di 10, ó bá omi lọ. Mo sọ ọ́ di 15, bákan náà ni. Mo bínú sí gílóòbù, mo bínú sí emulsion, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ara mi. Gílóòbù kò ṣẹ̀ mí, emulsion kò ṣẹ̀ mí.

Ohun tí à ń ṣe gan-an rèé. Screen ni férémù tí wọ́n na àwọ̀n wẹ́wẹ́ mọ́ gírígírí. Emulsion ni nǹkan tó ki bí ọ̀dà, tí a ń fà sójú àwọ̀n náà kó lè dí gbogbo ihò rẹ̀. Tó bá ti gbẹ, tí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet (irú èyí tó wà nínú oòrùn, tí ojú kò rí) sì kàn án, yóò le, omi kò ní lè yọ ọ́ mọ́. Orí film, ìyẹn ọ̀rá tó mọ́ gaara, la máa ń tẹ àwòrán wa sí ní dúdú, tí a ó sì gbé e lé emulsion. Ibi tí dúdú náà bá ṣíji bò kò ní le. Omi lásán la máa fi fọ ibẹ̀ kúrò, ihò àwọ̀n á ṣí, íǹkì á sì máa gba ibẹ̀ bọ́ sára aṣọ. Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n fi po emulsion fúnra rẹ̀. Tí omi yẹn bá ṣì kù nínú rẹ̀ nígbà tí iná kàn án, kò ní le bó ṣe yẹ, ẹ báà fi í síbẹ̀ di ọ̀la.

Àwọ̀n tó ní okùn 110 nínú íǹṣì kan ni mo ń lò fún ẹ̀wù. Àwọn tó ń fi sẹ̀ǹtímítà ka tiwọn máa ń pè é ní 43. Ó ń jẹ́ kí íǹkì kọjá dáadáa, kì í sì í tètè bínú sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí àwòrán yín bá ní ìlà tín-ín-rín tàbí ààmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, ẹ wá 156 tàbí 230. Ní ti emulsion, diazo ni mo yàn láàyò, ìyẹn èyí tó máa ń wá ní ike ńlá kan àti ìgò kékeré kan tí a óò pò pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní photopolymer kò nílò pípò, ó sì yá gan-an, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ti le. Ìyára yẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Diazo tó ń fẹ́ odindi ìṣẹ́jú mélòó kan kò ní mọ̀ ọ́n lára tí mo bá ṣèèṣì fi ìṣẹ́jú àáyá 10 lé e. Àwọn àgbà kan nídìí iṣẹ́ yìí ṣì máa ń fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní dichromate ṣe tiwọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ ni, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn fi máa gbé e wọ ilé tó ń sùn sí.

Ẹ bu omi tútù sínú ìgò kékeré yẹn dé ibi tí àwọn tó ṣe é sọ, ẹ mì ín títí ohun tó wà nínú rẹ̀ á fi yọ́ tán, ẹ dà á sínú ike ńlá, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ rò ó. Búlúù ni tèmi. Bí mo bá ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń di àwọ̀ ewé. Ìgbà tí mi ò bá rí ìlà búlúù kankan mọ́ létí ike ni mo tó fi igi sílẹ̀. Ẹ má lò ó lọ́jọ́ náà o. Ẹ dé e kó sùn mọ́jú, kí atẹ́gùn tó há sínú rẹ̀ lè jáde, torí ìwọ̀nba tó bá kù síbẹ̀ ni yóò di ihò abẹ́rẹ́ lójú àwọ̀n. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sára ike. Tó bá wà níta, ó máa ń lò tó oṣù kan. Tó bá wà nínú fíríìjì, ó lè lo bí oṣù mẹ́ta. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti pò ó ni kò ti fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán mọ́. Ẹ kò nílò òkùnkùn biribiri. Gílóòbù yẹ́lò tí kò mọ́lẹ̀ jù ti tó, emulsion kì í bẹ̀rù rẹ̀. Lóru ni mo máa ń ṣe tèmi ní balùwẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ mi bá ti sùn. Ó ti ṣílẹ̀kùn mọ́ mi rí láti wá ìgbọ̀nsẹ̀, ó tan iná funfun gbòò, ó sì dúró síbẹ̀ ó ń bi mí ohun tí mò ń ṣe nínú òkùnkùn. Kò ba nǹkan jẹ́, ìṣẹ́jú kan kò tó o, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹ kọ́kọ́ fọ àwọ̀n, kódà tó bá jẹ́ pé tuntun ni. Ọ̀rá ọwọ́ àti eruku tí ojú kò rí ni emulsion kì í lẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ìfọbọ́ lásán tí kò ní ìpara nínú ti tó. Ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ fọ tinú tẹ̀yìn, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ wo omi tó kẹ́yìn: tó bá tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ lójú àwọ̀n, ó ti mọ́, tó bá ń kóra jọ bí omi orí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀ mọ́.

Nǹkan tí a fi ń fa emulsion ni scoop coater. Ó dà bíi gọ́tà kékeré onírin tí wọ́n dí nípẹ̀kun méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ tó máa kan aṣọ ni mò ń pè ní ẹ̀yìn screen. Ibi tí íǹkì ń wà ni inú. Ẹ gbé screen dúró kó fara ti ògiri díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹ gbé ẹnu coater kan ìsàlẹ̀ àwọ̀n, ẹ dà á síwájú díẹ̀díẹ̀ títí emulsion á fi kan àwọ̀n láti ọ̀tún dé òsì, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ wá fà á gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì dúró, láì sáré. Tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dókè, ẹ dá a padà sẹ́yìn kí èyí tó ṣẹ́ kù lè padà sínú coater. Ẹ yí screen, kí ẹ ṣe inú rẹ̀ bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan nínú; inú ni kó gbẹ̀yìn, torí òun ló ń ti emulsion jáde lọ sí ẹ̀yìn tó máa kan aṣọ. Tí ẹ bá rí àlébù kékeré kan lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹ fi í sílẹ̀. Mo padà lọ tún ọ̀kan ṣe rí, mo sì fi gegele kan síbẹ̀ tó hàn lára gbogbo ẹ̀wù tí mo fi screen náà tẹ̀.

Ó wá kan gbígbẹ, níbi tí mo ti ṣubú. Balùwẹ̀ ni mo ti ń fọ screen. Balùwẹ̀ náà ni mo ti ń fa emulsion, torí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ náà ni mo sì ń fi í sí kó gbẹ. Ilẹ̀ tutù, ògiri tutù, táwẹ́ẹ̀lì tutù lórí ìkọ́. Màá tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún wákàtí 3, màá fọwọ́ kàn án, kò ní lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, màá ní ó ti gbẹ. Ojú ló gbẹ, inú kò gbẹ. Film ló tú àṣírí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé gíláàsì kúrò, tí mo fẹ́ ṣí film sókè, ó dún ṣẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ya tépù, ojú ibi tí film ti kúrò sì ń dán ju ibi yòókù lọ. Mo dúró, mo ń wò ó. Nǹkan tó ti gbẹ kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan.

Láti ìgbà náà, mo kó bàtà kúrò nísàlẹ̀ wọ́dúróòbù mi. Ibẹ̀ ni mò ń tẹ́ screen sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dojú bolẹ̀ kí emulsion lè rọ̀ síbẹ̀, ìdérí ìgò mẹ́rin lábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fáànù kékeré kan ń fẹ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò ti ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù pa, ilẹ̀kùn yàrá ni mo tì. Ooru díẹ̀ dára, àmọ́ kó má kọjá 40°C. Ó ń sùn mọ́jú ni. Kí n tó gbé e, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan emulsion, màá sì tún fi kan igi férémù. Tí emulsion bá tutù ju igi lọ, omi ṣì ń fò kúrò lára rẹ̀, kò tíì yá. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá rí bákan náà lára ọwọ́ ni mo tó gbà.

Film kò gba àlàyé púpọ̀. Dúdú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dú. Ẹ gbé e wo gílóòbù. Tí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú dúdú náà kọjá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí méjì kí ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì régé.

Lórí tábìlì mi, aṣọ dúdú ló wà nísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà. Mo to fóòmù lé e, mo gbé screen dé e kí fóòmù náà lè ti àwọ̀n sókè láti inú, mo fi film lé ẹ̀yìn screen, ẹ̀gbẹ́ tó ní íǹkì ni kó kan emulsion. Tí ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, á dà bíi pé ó yí padà. Láti inú ló máa tọ́. Gíláàsì tó wúwo ló máa tẹ film mọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má lè yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Iná LED ultraviolet tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 50 ni mo gbé kọ́ sókè, sẹ̀ǹtímítà 40 sí gíláàsì. Ẹ má tẹjú mọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ o, ojú ni yóò bà jẹ́. Tí ẹ bá sì gbé tiyín jìnnà ní ìlọ́po méjì, àkókò tó máa gbà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà mọ iye ìṣẹ́jú tiyín nìyí. Ẹ fi screen kan ṣòfò. Ẹ fi film tó ní ìlà oríṣiríṣi sí i, kí ẹ tan iná sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ fi páálí bo ìdá kan nínú mẹ́fà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 mìíràn, ẹ sún páálí bo ìdá kejì, bẹ́ẹ̀ títí ìdá tó kẹ́yìn fi gba ìṣẹ́jú 12. Ẹ fọ̀ ọ́. Níbi tí ìṣẹ́jú kò bá tó, inú screen á máa yọ̀ bí ẹja, emulsion á sì máa bó. Níbi tó bá ti pọ̀ jù, ìlà tín-ín-rín kò ní ṣí. Ẹ mú èyí tó wà láàárín. Tèmi bọ́ sí ìṣẹ́jú 6. Èmi tí mo ti gbé e dé 15!

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ tinú tẹ̀yìn, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 2. Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá máa fi họ́ọ̀sì wọ́n omi sí i láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ihò á fi ṣí. Ẹ gbé e wo iná: ibi tó bá ṣì ń dán bí awọ ẹyin, emulsion ṣì wà níbẹ̀. Tó bá gbẹ, mo máa ń gbé e sínú oòrùn, tinú tẹ̀yìn, kó le sí i. Ihò abẹ́rẹ́ tí ẹ bá rí, ẹ fi tépù dí i láti ẹ̀yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ emulsion kúrò kí ẹ lè tún screen lò, ẹ ra oògùn ìyọ-emulsion, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún tinú tẹ̀yìn, kí ẹ sì dúró tì í. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ń yọ́. Ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀. Èyí nìkan ni mi ò fẹ́ kó gbẹ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí tó bá gbẹ sójú àwọ̀n, kò sí ohun tó tún lè yọ emulsion náà mọ́. Foonù dún nígbà tí mo ń ṣe ọ̀kan, mo lọ gbé e. Screen náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ kan tó ti di tirẹ̀ títí láé.