Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọdé Láti Gbá Bésíbọ́ọ̀lù

Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n wá ran àwọn kóòṣì lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tí ọmọ mi wà ní ìlú Houston, níbi tí àwọn ọmọ ọdún 5 àti 6 ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí a gbé lé orí òpó rọ́bà, láìsí ẹni tó ń jù ú sí wọn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni èmi mọ̀ láti Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ohun tí mo ti kà ni mo dà lé wọn lórí, ni wọ́n bá dúró gbagidi bí ère. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń kọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan.

Báàtì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, la kọ́kọ́ yanjú. Mo ní kí oníkálùkù fi ọwọ́ kan na tirẹ̀ síwájú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, igi rẹ̀ ti wúwo jù. Èyí tí mo rà fún ọmọ mi ló kọ́kọ́ já wálẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìbàdí ló gba àkókò jù. Apá nìkan ni ọmọdé máa ń lò, bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ ni agbára ti ń gòkè: ẹsẹ̀ iwájú á sún díẹ̀, ìbàdí á yí, kí apá tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí wọ́n yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ aáyán pa. Ọmọ mi gbá a tán, ó yẹ abẹ́ bàtà rẹ̀ wò: “Dádì, ó ti kú!”

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òpó ni wọ́n ń gbá ju bọ́ọ̀lù lọ. Mo rò pé ó ga jù, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò tún nǹkan kan ṣe. Ìgbà tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí igi kò lè dé, ni mo rí i pé wọ́n ti ń gbójú sókè wo ibi tí bọ́ọ̀lù máa lọ kí igi tó kàn án. Èjìká iwájú ń bá orí gòkè, igi sì ń gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá. Mo lẹ bébà pupa mọ́ orí òpó, mo ní kí wọ́n pariwo “pupa” bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹjọ, mo gbé òpó kúrò, mo kúnlẹ̀, mo sì ń rọra ju bọ́ọ̀lù sí wọn. Àwọn mẹ́ta gbá a. Ọmọ mi kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò gbé sókè.