Bá A Ṣe Ń Di Báàgì Oúnjẹ Fún Ìdílé Nígbà Àrùn, Àti Pépà Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ẹ̀

Ẹ̀yin CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò), ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀ yìí kí àrùn míì tó dé o. Nígbà Kòrónà ní 2020, tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, tí ọjà oúnjẹ l'Ékòó ń ṣí lọ́jọ́ kan tí wọ́n á tún tì í lọ́jọ́ kejì, aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán péré, ìrẹsì ṣáá lèèyàn ń pín kiri. Ìrẹsì ò burú. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ló ń jẹ lónìí, tíṣẹ́ wá dáwọ́ dúró lójijì, tẹ́ ẹ bá gbé ìrẹsì fún un láìsí ohun tó máa fi jẹ ẹ́, láìsí ètò bó ṣe máa pín in, ọjọ́ mélòó ló máa bá a dé? Lójú tèmi o, pépà kan tẹ́ ẹ máa kì bọ inú báàgì yẹn ló ń sọ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin di ti ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ máa dì. Àpẹẹrẹ tó dáa wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, nígbà táwọn ọmọ ò lọ sílé ìwé mọ́, ìjọba àpapọ̀ sọ oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn níléèwé di èyí tí òbí ń gbé relé, Àbújá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá s'Ékòó àti Ògùn. Báàgì kan, ₦4,200: ìrẹsì kílò 5, ẹ̀wà kílò 5, òróró mílílítà 500, epo pupa mílílítà 750, ẹyin 15, iyọ̀ àti tòmátò sáṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbàgbé owó yẹn jàre, kò lè ra nǹkan gidi mọ́ báyìí. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀wà bá ìrẹsì dọ́gba, ẹyin wà ńbẹ̀, epo pupa tó ń fún ojú ọmọ lókun wà ńbẹ̀. Ohun tó kù ni ewé, ewé ò sì ṣeé dì sínú báàgì, ọjọ́ kejì ló ti rọ, pépà yín ló máa sọ fún wọn kí wọ́n lọ ra tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú. Tówó yín bá kéré, ẹ din ìrẹsì kù, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀wà. Ẹ̀fọ́rí làwọn tó ń kó núdù páálí-páálí wá máa ń fún mi.

Kẹ́ ẹ tó rajà, ẹ mọ iye èèyàn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń ṣubú, torí orúkọ láńlọ́ọ̀dù ni CDA ní lọ́wọ́, wọn ò mọ ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má ka ilé, ìkòkò ni kẹ́ ẹ kà. Ilé face-me-I-face-you kan lè ní yàrá 12, kí ìkòkò 12 sì máa hó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní kọ́rídọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta péré: ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń jẹun, ṣé aláboyún tàbí ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún wà níbẹ̀, kí lẹ fi ń dáná. Ó tán. Ẹ má béèrè ẹ̀sìn, ẹ má béèrè káàdì ìdìbò, tẹ́ ẹ bá béèrè ìyẹn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní òṣèlú ló rán yín.

Ó wá kan pépà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni o, lẹ́tà gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán sí i torí kì í ṣe gbogbo ìyá ló lè kàwé. Ẹ má kọ "gíráàmù" síbẹ̀, ta ló ní òṣùwọ̀n nílé? Agolo mílíìkì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ra kílò kan ìrẹsì, ẹ fi agolo wọ̀n ọ́n fúnra yín, ẹ ka iye tó gbà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà náà, iye yẹn ni kẹ́ ẹ kọ. Ìṣirò ẹ̀ ò le: ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó bá ń se ìdajì kílò ìrẹsì lọ́sàn-án àti ìdajì kílò ẹ̀wà lálẹ́, kílò 5-5 yẹn á gbé wọn dé ọjọ́ 10, tí wọ́n bá ń mu gàrí tàbí ẹ̀kọ láàárọ̀. Àpẹẹrẹ ohun tẹ́ ẹ lè kọ rèé:

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ẹ da omi yẹn nù láàárọ̀, á tètè jinná, gáàsì á pẹ́. Ẹ má fi kánún sí i, ó ń ba oore inú ẹ̀ jẹ́. Ẹ má yọ epo pupa títí àwọ̀ ẹ̀ á fi ṣá, bó ṣe pupa yẹn ló dáa. Tẹ́ ẹ bá rí ata rà lọ́jọ́ ọjà, ẹ dín in kó gbẹ dáadáa, á lo bí ọjọ́ mélòó kan láìsí fíríìjì. Ẹyin, ti ọmọdé àti aláboyún ni. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan, ẹ má fún un lómi pàápàá."

Ẹ dúró díẹ̀ nídìí ẹyin yẹn o, torí àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, baálé ilé ló sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ fi ọgbọ́n sọ ọ́, ẹ ní ẹyin 15, tí ọmọ kékeré inú ilé bá jẹ́ ọ̀kan, ẹyin kan lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan nìyẹn. Bàbá náà á gbà, ṣebí ọmọ òun ni.

Fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, Tom Brown, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ ọmọdé, ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn: agolo mẹ́fà àgbàdo, agolo mẹ́ta sóyà, agolo kan ẹ̀pà. Ẹ yan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sóyà yẹn ní láti yan dénú, kẹ́ ẹ wá lọ̀ wọ́n pọ̀. Ọlọ́lọ̀ lè má ṣí nígbà kónílé-ó-gbélé, torí náà kí ẹgbẹ́ lọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dì í sí náílọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yìn pépà ni ti owó. Àwọn tó ń kọ́ni ní bọ́jẹ́ẹ̀tì máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé olówó oṣù ni gbogbo wa. Ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni kẹ́ ẹ bá a ṣe é: náílọ́ọ̀nù mẹ́ta, ọ̀kan ti ọbẹ̀, ọ̀kan ti gáàsì tàbí kẹrosíìnì, ọ̀kan ti ọṣẹ àti òògùn, ohun tó bá wọlé, bó ti wù kó kéré, kó kọ́kọ́ pín in síbẹ̀ kó tó ra káàdì. Ẹni tó bá ń dá àjọ, kó tètè bá aláàjọ sọ ọ́ bóyá òun lè kó tòun ṣáájú. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé kí wọ́n má fi lóònù orí fóònù ra oúnjẹ, àwọn tí á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna èèyàn tówó bá pẹ́ díẹ̀ yẹn. Àwìn lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀wà ládùúgbò sàn jù ú.

Ẹ ka pépà yẹn sórí WhatsApp náà, ohùn nìkan, ìṣẹ́jú méjì, ní Yorùbá, Haúsá, Ẹ̀gùn tàbí Pidgin, ohun tí wọ́n bá ń sọ ládùúgbò yín.

Ọjọ́ pínpín, ẹ má pe èèyàn sí gbàgede. Àwọn tó ń pín kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n dúró ní mítà 2, kí wọ́n kàn sọ ohun tó wà nínú pépà ní kúkúrú. Ẹ má ya ẹni tó ń gba oúnjẹ ní fọ́tò. Tí olówó tó ṣètọrẹ bá fẹ́ fọ́tò, báàgì tó jókòó sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ. Ẹ béèrè ohun tó kọ́kọ́ tán àtohun tí wọn ò fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá rí téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọdé gbà ní hẹ́ẹ̀tì-sẹ́ńtà, ẹ mú un dání, ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí apá ẹ̀ ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú, hẹ́ẹ̀tì-sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kúrò ní ti ìrẹsì.

Ìṣirò owó ńkọ́? Látìgbà táwọn èèyàn ti já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó ní oṣù kẹwàá 2020, tí wọ́n bá oúnjẹ Kòrónà tí wọn ò tíì pín níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ kọ iye tó wọlé, iye tẹ́ ẹ ná, iye báàgì tó jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń kọjá, kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó nítorí òjò, kí nọ́ńbà ẹni tó ń tọ́jú owó sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.