Ráàkì Tẹ́ẹ́rẹ́ Tó Gba Bàtà Méjìlá Lẹ́nu Ọ̀nà Tóóró

Ilé tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ pálọ̀, ẹnu ọ̀nà ni bàtà gbogbo ará ilé ń kó sí. Nínú mini-flat tàbí ilé onípásééjì, ibẹ̀ kì í sábà fẹ̀. Sílípáàsì á gun orí kánfáàsì, ẹsẹ̀ kan sándàlì ọmọ á wọ abẹ́ àga, ẹni tó bá sì gbé omi wọlé lálẹ́ á fẹsẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ ráàkì fífẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò wo èyí sàn, torí òun náà á tún jẹ nínú ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀.

Gígùn bàtà ni kí ẹ mójú tó. Bàtà ọkùnrin tó ń wọ nọ́ńbà 43 máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti imú dé gìgísẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ tó tẹ́jú, gbogbo 30 yẹn ló máa gbà lọ́wọ́ ọ̀nà. Àmọ́ bí imú rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ níwájú, tí gìgísẹ̀ wà lókè lẹ́bàá ògiri, bí ìgbà tí wọ́n gbé àkàbà ti ilé, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 22 ló máa gbà. Ráàkì tí a máa ṣàlàyé rẹ̀ níbí, bó ṣe ń gbé bàtà nìyẹn. Pẹpẹ mẹ́rin ló ní, bàtà mẹ́ta sì ni pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà (ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì la kà sí ẹyọ kan).

Ẹ wọn ibẹ̀ kí ẹ tó ra pákó

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tán pátápátá. Bí ilẹ̀kùn onírin bá wà tó ń ṣí sínú, ẹ ṣí òun náà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ níbi tí etí ilẹ̀kùn gbà kọjá. Ráàkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú àmì yẹn. Ẹ má gbàgbé ọwọ́ ilẹ̀kùn, torí ó máa ń yọ jáde bíi sẹ̀ǹtímítà 6, òun ló sì máa ń gbá ráàkì lójoojúmọ́ títí skúrù á fi tú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti ògiri kan sí èkejì, kí ẹ yọ 22 kúrò nínú rẹ̀. Ó kéré tán, kí ohun tó kù tó 75. Ẹni tó pọn ọmọ ń gba ibẹ̀, ẹni tó gbé sílíńdà gáàsì ń gba ibẹ̀, wọ́n sì lè fẹ́ gbé fíríìjì kọjá lọ́jọ́ kan. Bí kò bá tó 75, ẹ jẹ́ kí ráàkì lọ sí ara ògiri ìta lábẹ́ òrùlé, bí ọgbà yín bá ní géètì tó ṣeé tì.

Ẹ wá ka bàtà. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ nìkan ló tọ́ sí ẹnu ọ̀nà: méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún òde, ọ̀kan fún àyíká ilé. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún á lo mẹ́wàá, àyè bàtà méjì á sì kù fún àlejò. Bàtà ayẹyẹ àti bàtà ọjọ́ ìsinmi, inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ibùgbé wọn. Bàtà tí ẹnikẹ́ni kò bá fi ẹsẹ̀ kàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e kúrò. Àwọn ọmọ tó ní kánfáàsì mẹ́fà á ráhùn, àmọ́ ẹ má gbà fún wọn, torí bí ẹ bá yọ̀ǹda ọ̀kan, mẹ́wàá á tẹ̀ lé e.

Pákó àti skúrù

Pákó ọ̀mọ̀ tàbí afàrà tó ti gbẹ dáadáa ló dára fún iṣẹ́ yìí. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í di skúrù mú pẹ́. Ẹ má lo HDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) lẹ́nu ọ̀nà. Omi tó ń kán lára bàtà ọjọ́ òjò á wọ etí rẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n ki bọ tíì, ibi tí skúrù wà á sì tú.

Ẹ ní kí káfíńtà gé ìwọ̀nyí fún yín, tàbí kí ẹ fi ayùn gé wọn fúnra yín. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo òǹkà wọ̀nyí. Pákó ẹ̀gbẹ́ 2, gíga 105, fífẹ̀ 22, nínípọn 2. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 8 tí bàtà máa jókòó lé, gígùn 70, fífẹ̀ 5, nínípọn 2. Ìdènà 4 tí kò ní jẹ́ kí imú bàtà yọ̀ ṣubú, gígùn 70, fífẹ̀ 5, nínípọn 1. Igi ìdábùú ẹ̀yìn 2, gígùn 70, fífẹ̀ 7, nínípọn 2. Ẹ ra skúrù íńṣì méjì 40, skúrù íńṣì kan 12, gọ́ọ̀mù igi, sáńpépà àti fáníìṣì.

Kí ló dé tí a fi ń lo pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dípò odindi pákó kan fún pẹpẹ? Atẹ́gùn ni. Bàtà tó jókòó lé odindi pákó kì í tètè gbẹ nísàlẹ̀, iyanrìn á sì máa jọ sábẹ́ rẹ̀. Láàárín pákó méjì, iyanrìn á kán sílẹ̀, ìgbálẹ̀ á sì gbá a.

Fífa ìlà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹ tẹ́ pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ojú ìwé tí wọ́n ṣí, kí etí ẹ̀yìn wọn kan ara wọn láàárín. Bí ẹ bá fa ìlà sí méjèèjì ní apá kan náà láì jẹ́ kí wọ́n kọjú síra, pẹpẹ á dà síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, pákó yẹn sì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lórí pákó kọ̀ọ̀kan, ẹ sàmì àkọ́kọ́ síbi tó jìnnà sí etí ẹ̀yìn ní 17, tó sì ga sí ìsàlẹ̀ ní 10. Ẹ sàmì kejì síbi tó jìnnà sí etí ẹ̀yìn ní 2, tó sì ga ní 36. Ẹ fi rúlà so méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìlà náà: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 30. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣì í wọ̀n níbì kan. Ìlà pẹpẹ kejì á bẹ̀rẹ̀ ní gíga 32, ìkẹta ní 54, ìkẹrin ní 76. Sẹ̀ǹtímítà 22 ló wà láàárín wọn.

Ó lè dà bíi pé 22 ti pọ̀ jù. Kò pọ̀. Bí pẹpẹ bá ṣe ń dúró ṣánṣán sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń fẹ̀ sí i, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àyè àárín pẹpẹ ń há. Bí ẹ bá dín in kù sí 15, kánfáàsì kò ní wọlé, sílípáàsì nìkan ló máa bá a mu. Bàtà òjò tó gùn dé orúnkún kò lè wọ inú ráàkì yìí rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ni kó dúró sí.

Títò ó pọ̀

Ẹ fi sáńpépà ra gbogbo etí pákó kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, torí ìbọ̀sẹ̀ àti ọwọ́ ọmọdé á máa kan án. Ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ níwájú, ẹ fi 10 sílẹ̀, kí ẹ sì fi èkejì sí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàtà ọmọ kékeré tó gùn ní 18 pàápàá á rí ibi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá gbé èkejì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bàtà ọmọ á jábọ́ sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ bàtà gogoro á sì kọ́ pákó òkè yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ fi dírílì lu ihò mílímítà 3 ṣáájú skúrù kọ̀ọ̀kan, méjì méjì ní ìpẹ̀kun méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ tó di skúrù íńṣì méjì. Ẹni tó bá fo ihò lílù, orí pákó á là mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi skúrù íńṣì kan mẹ́ta mẹ́ta di ìdènà mọ́ etí pákó ìsàlẹ̀, kí 2 nínú fífẹ̀ rẹ̀ bo etí pákó, kí 3 yọ sókè. Ìdábùú kan á wà lókè pátápátá lẹ́yìn, èkejì á ga sí ilẹ̀ ní 12 kó má bàa dí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ pákó ẹ̀gbẹ́, níbi tó ti máa fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, torí ibẹ̀ ni omi àti ikán ń gbà wọlé. Ẹ gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti já sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ráàkì. Sẹ̀ǹtímítà kan péré tó gbé e kúrò nílẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi tí wọ́n fi nu ilẹ̀ máa ràn án lára.

Ráàkì tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè dá dúró láìléwu. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá gùn ún bí àkàbà á fà á lu ara rẹ̀. Ẹ gba inú ìdábùú òkè dè é mọ́ ògiri níbi méjì: ihò mílímítà 8, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 5, físà 8 (ike tí wọ́n ń kì bọ ihò ògiri kí skúrù lè dì mú), skúrù mílímítà 5. Bí dírílì bá ṣàdédé wọlé gìrì, ẹ ti bọ́ sínú ihò bùlọ́ọ̀kù nìyẹn, físà kò sì ní di ohunkóhun mú níbẹ̀. Ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ tún un lu.

Bó bá jẹ́ ráàkì páìpù lẹ rà

Èyí tó jẹ́ páìpù wẹ́wẹ́ àti oríkèé oníke, tí wọ́n fi aṣọ onísíìpù bò, wọ́pọ̀ lọ́jà. Ohun tó ń mú un wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni pé páìpù kò wọ inú oríkèé dé ìdí. Ẹ tò ó lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ ti páìpù kọ̀ọ̀kan títí kò fi lè lọ mọ́, kí ẹ tó bọ́ sórí pẹpẹ tó kàn. Ẹ fi okùn wáyà di igun òkè méjèèjì mọ́ ìṣó lára ògiri. Bàtà tó wúwo, ìsàlẹ̀. Ní ti aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ẹ bọ́ ọ dànù: ó ń dá ooru àti òógùn ẹsẹ̀ dúró sínú, síìpù rẹ̀ sì tètè ń bàjẹ́.

Òjò, òórùn àti káfúrà

Bàtà tó bá tutù kò gbọ́dọ̀ gun ráàkì. Ẹ jẹ́ kó dúró nínú àwo fífẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ rọ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti mu omi. Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ sá bàtà aláwọ sí; oòrùn gangan ń mú kí awọ sán, ó sì ń tú gọ́ọ̀mù àtẹ́lẹsẹ̀. Bàtà ẹlẹ́rẹ̀, pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa máa já lé bàtà ẹlòmíràn.

Fún òórùn, ẹ da èédú sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, kí ẹ so ó, kí ẹ sì fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ráàkì. Ẹ má fi káfúrà síbẹ̀ bí ìkókó bá wà nílé. Káfúrà tí wọ́n ń tà ní hóróhóró funfun sábà máa ń jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa tó, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa, bó bá ń fà á símú, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ọmọ tó ń rá kòrò sì lè gbé e mì.

Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ kó gbogbo bàtà sílẹ̀, ẹ nu pákó, ẹ wo ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ráàkì bóyá ikán ti ń fa ìlà ẹrẹ̀ gùn ún. Ní àsìkò òjò, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa gbọn bàtà wọn méjèèjì kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí àkekèé fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn tó sì gbẹ, inú kánfáàsì sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an.