Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àgbàlagbà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Àwòrán Yíyà

Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń wá kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ mi yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Akọ̀wé báńkì, aránṣọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kálukú á gbé ìwé rẹ̀ wá, á ní òun kò ní ẹ̀bùn. Ó ti sú mi láti máa tún ìdáhùn kan náà sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá ẹ̀bùn lẹ́bi, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ń pè ní àìní ẹ̀bùn, ìjókòó yín, tábìlì yín tàbí bí ẹ ṣe ń wo nǹkan ló fà á.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìlà mi fi máa ń nípọn, tí ó sì máa ń rí jákujàku?

Ìdáhùn: Ẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù yín.

Ìbéèrè: Irú pẹ́ńsù wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: HB kan àti 2B kan ti tó, pẹ̀lú rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́ àti ìwé funfun lásán. Èyí tó bá ní H le, ìlà rẹ̀ kì í sì í hàn púpọ̀. Èyí tó bá ní B rọ̀, ó sì dúdú. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni líle tàbí dídúdú náà ń pọ̀ sí i. Ẹ má tíì fọwọ́ kan 6B, torí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín ni yóò fi kun gbogbo ojú ìwé. Ní ti páálí pẹ́ńsù olówó gọbọi tí àwọn kan máa ń rà kí wọ́n tó fa ìlà kan ṣoṣo, n kò tíì rí ẹni tó ṣe láǹfààní.

Ìbéèrè: Bí mo bá yà á dé ibì kan, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, n kò sì ní mọ ìlà tí mo ti fà mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ lọ yẹ ojú wò. Bí ènìyàn bá ti lé ní ẹni 40 ọdún, ó wọ́pọ̀ kí ojú rẹ̀ má lè rí ohun tó sún mọ́ ọn dáadáa mọ́, kò sì sí ẹ̀kọ́ àwòrán tó lè ṣe iṣẹ́ awò ojú.

Ìbéèrè: Ìlà mi máa ń gbọ̀n. Ṣé ọjọ́ orí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìka àti ọrùn ọwọ́ nìkan ni ẹ fi ń yà á, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ọrùn ọwọ́ kò lè rìn jìnnà, nítorí náà ẹ óò máa dúró lójú ọ̀nà, ẹ óò sì máa fi ìlà kéékèèké lé ara wọn lórí títí ibẹ̀ yóò fi dọ̀tí. Ẹ di pẹ́ńsù mú sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí apá máa lọ láti èjìká. Ẹ fi àmì sí ibi tí ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, ibi ìparí yẹn ni kí ojú yín sì wà, kì í ṣe ẹnu pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá gbé omi mu, tàbí tí ó bá ń kú tipiri, dókítà ni kí ẹ lọ rí, ẹ má tọ̀ mí wá.

Ìbéèrè: Orí ẹni tí mo bá yà máa ń tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kúrú. Ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ náà ni ère Yorùbá ṣe rí, pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Mo ti gbọ́ àwáwí yìí títí. Lóòótọ́, àwọn agbẹ́gilére wa a máa gbẹ́ ère tí orí rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nítorí ipò tí wọ́n fi orí sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú jáde ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1957: ojú rẹ̀ rí bí ojú ènìyàn gan-an, síbẹ̀ orí rẹ̀ tóbi ju bí ti ènìyàn ṣe yẹ kó tó sí ara lọ. Ẹni tó rọ ojú yẹn kò ṣàì mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Tiyín ṣèèṣì ni. Bí àgbàlagbà bá nàró, gíga rẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń tó orí méje tàbí méje àbọ̀. Ẹ na apá, ẹ fi pẹ́ńsù wọn orí ẹni tó dúró níwájú yín, kí ẹ sì kà á wálẹ̀. Bí ẹ bá ti lè yà á bó ṣe rí, ẹ lè wá sọ orí rẹ̀ di ńlá bó bá ṣe wù yín.

Ẹyinjú tí ẹ máa ń yà sókè jù náà kò yàtọ̀ sí èyí. Agbedeméjì àtàrí àti àgbọ̀n ni ẹyinjú wà. Irun àti iwájú orí ni ẹ kì í fún ní ààyè wọn.

Ìbéèrè: Ife tí mo bá yà kì í jókòó. Ó máa ń dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú.

Ìdáhùn: Ẹ mọ̀ pé ẹnu ife rí róbótó, ẹ sì mọ̀ pé ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, nítorí náà ẹ ya ẹnu rẹ̀ ní róbótó, ẹ sì fa ìdí rẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á. Ohun tí ẹ mọ̀ ni ẹ yà, ẹ kò ya ohun tí ẹ rí. Ẹ mú ife tánganran kan, ẹ gbé e sókè títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ẹyinjú yín: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ óò rí, ẹ kò ní rí inú rẹ̀ rárá. Ẹ wá máa rọra gbé e wálẹ̀. Ẹnu náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là, bó bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni yóò máa là sí i. Ìdí ife sì wà nísàlẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí náà ìlà ìdí gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọrọdọ ju ìlà ẹnu lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu náà kì í sì í mú ṣóṣó. Yíyí ló máa ń yí. Ìlà búlúù tí wọ́n fi yí etí ife náà po yóò ràn yín lọ́wọ́: èyí tó wà níwájú yín nípọn lójú ju èyí tó wà lódìkejì lọ. Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, fi irú ẹ̀kọ́ yìí, bí nǹkan ṣe ń rí láti ibi tí ènìyàn ti ń wò ó, kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó lẹ́yìn tó ti London dé. Bó bá yé àwọn ọmọdé ìgbà náà, yóò yé ẹ̀yin náà.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń yàwòrán ènìyàn lọ́wọ́, ó máa ń jọ ẹni náà gan-an. Àmọ́ bí mo bá gbé ìwé náà sókè, orí rẹ̀ á ti gùn bí ìbẹ́pẹ.

Ìdáhùn: Ìṣòro yìí fojú mi rí màbo. Nígbà kan, gbogbo ojú tí mo bá yà ló ń rí bẹ́ẹ̀: bí mo bá jókòó tì í, kò sí àbùkù, bí mo bá fi í ti ògiri, iwájú orí á ti ga, àgbọ̀n á sì ti sún kì. Mo fura sí wíwọ̀n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi rúlà wọn láti imú dé àgbọ̀n. Ibi tí mo bá wọ̀n á dára, ibi tí mo bá fi ojú dá á bàjẹ́. Mo pààrọ̀ pẹ́ńsù, mo pààrọ̀ ìwé, kò tu irun kan lára rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo gbé àtẹ kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, mo fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé itan, mo fi òkè rẹ̀ ti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ya ará ilé wa kan tó ń sùn lórí àga. Nígbà tí mo gbé èyí sókè, ó pé pérépéré. Mo rò pé oríire lásán ni. Lọ́jọ́ kejì mo padà sórí tábìlì, ìbẹ́pẹ náà sì padà dé. Ìgbà yẹn ni mo tó wo tábìlì náà fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò le. Bí ìwé bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ jìnnà sí ojú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ìwò ẹ̀gbẹ́ sì ni ẹ ń wò ó, nítorí náà ohun tó wà lórí rẹ̀ máa ń kúrú lójú yín ju bó ṣe rí lọ. Ọwọ́ yín á wá máa fà á gùn kó lè dára lójú, òkè tó jìnnà jù ni yóò sì fà jù. Bí ẹ bá gbé e sókè, ìwò ẹ̀gbẹ́ ti lọ, gígùn ló kù.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì, kí ẹ sì fi ojú lásán ya àpótí onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ dọ́gba, kó tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà wọn òòró rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Bí òòró bá ju ìbú lọ, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀, tábìlì lẹ́bi. Ẹ wá gbé ìwé lé pákó pẹlẹbẹ kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan, kí òkè rẹ̀ fara ti etí tábìlì, títí ìwé náà yóò fi kọjú sí yín gan-an, kí ẹ sì tún òmíràn yà. Káfíńtà àdúgbò yóò gé àjákù pákó fún yín. Kò yẹ kí ẹ ra ohun àràmàǹdà kankan. Bí àwòrán bá wá ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò kó gùn, ẹ wò ó bóyá ẹ gbé ìwé síbùú bí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé. Ẹ gbé e sí ọ̀gangan àyà yín. Bí àpótí yín bá dọ́gba tí ojú ènìyàn ṣì ń gùn, wíwọ̀n ló kù, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ agbedeméjì orí tí mo sọ ṣáájú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa ya fọ́tò inú fóònù?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é nígbà tó bá yá. Fọ́tò tí wọ́n yà nítòsí a máa sọ imú di ńlá, a sì máa sọ etí di kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò sì ní mọ èyí tí fóònù ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ọwọ́ yín ṣe. Ìkòkò, bàtà àti àga inú ilé yín kò ní gbówó lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n wá olùkọ́?

Ìdáhùn: Ó yá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí àṣìṣe kan náà sì ń padà wá, ẹ wá ẹni tí yóò jókòó ti yín nígbà tí ẹ bá ń yà á, torí ìwé tó ti parí kì í sọ bí ọwọ́ ṣe rìn. Ẹ kó gbogbo àwòrán yín dání, pàápàá èyí tí ẹ ń tijú rẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ náà bá fẹ́ gba pẹ́ńsù kó máa tún un ṣe lórí ìwé yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó yà á sórí ìwé tirẹ̀.