Ẹ So Ìtọ́kọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wọ́ Ọkọ̀ Sómi

Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi létí omi, mò ń mu gààrí, ni mo gbọ́ "kẹ́ẹ́!" Mi ò tíì wẹ̀yìn tí mo ti mọ̀ pé ìtọ́kọ̀ (ohun tí a fi ń darí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn) Hobie kan, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré alára méjì, ti tún já lulẹ̀. Àwọn géńdé mẹ́rin fi ìdí ọkọ̀ síwájú, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sómi bí ẹni ń wọ́ àgbò Iléyá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

1. Ihò ìdí ọkọ̀: ẹ dí i. Mi ò ní ṣàlàyé.

2. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ta ìgbòkun. Ọkọ̀ ẹni tó bá kọ̀ á lọ láìdágbére.

3. "Bọ̀dá, ó ti lọ́ọ̀kì," lẹ máa ń sọ fún mi bẹ́ ẹ bá ti gbé ìtọ́kọ̀ sókè. Ibí gan-an ni mo ń bọ̀.

Hobie 16 kò ní pátákó kankan nísàlẹ̀. Hobie Alter tó ṣe é ní California fẹ́ ọkọ̀ téèyàn lè tì láti orí iyanrìn wọnú ìgbì ni. Ìtọ́kọ̀ méjèèjì nìkan ló gùn kọjá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kó lè ká sókè fúnra rẹ̀ bó bá gbá ilẹ̀. Ohun tó ń há a kò ju ike kékeré kan àti sípíríǹgì lọ. Àwọn ọmọ wa wáá rò pé níwọ̀n ìgbà tó ń ká fúnra rẹ̀, kò séwu.

Ewu wà o. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú nìkan ló ń ká. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn, yálà ìgbì ló tì í ni tàbí ẹ̀yin géńdé lẹ ń fà á, ṣe ni ẹnu ìtọ́kọ̀ á gún iyanrìn, kò sì ní ibi tó máa ká sí. Ọkọ̀ tó wọn bíi kìlógíráàmù 145 lófìfo á wáá jókòó lé e. Bí irin tó dì í mú kò bá ṣẹ́, á fa ara ìdí ọkọ̀ ya. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra irin yẹn, ẹ sì máa dúró kó tó dé.

Lọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yẹn, bó bá ti gbó, tàbí tí iyanrìn bá ti kó sí i, jíjì kan ti tó. Rọ́bà táyà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ gbé ìtọ́kọ̀ méjèèjì sókè, kẹ́ ẹ so ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀ kó má lè mira mọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ má tú u títí omi á fi dé ìbàdí yín, tí ẹnì kan á sì di imú ọkọ̀ mú.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹrin ni, ẹ má fún síkúrù lọ́ọ̀kì le koko nítorí pé ìtọ́kọ̀ ń ṣí lórí eré. Bó bá le jù, kò ní ká mọ́ lọ́jọ́ tó bá gbá nǹkan.

Bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá wúwo, kò tíì sọ̀ délẹ̀ nìyẹn. Ẹ má bá a jìjàkadì.

Bí ọkọ̀ bá máa gun tírélà, ẹ yọ ìtọ́kọ̀ méjèèjì.

Ẹ wo òrùka tó ń di píìnì tó so ìtọ́kọ̀ mọ́ ọkọ̀ mú. Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo tu ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ kan láìfi òrùka sí ọ̀kan. Píìnì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀, mò ń kọrin. Ojú oró ló ń lékè omi. Ìtọ́kọ̀ tèmi lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé etíkun yẹn, nítorí náà ẹlẹ́ńjìnnì kan ló fà mí délé, iye tó wù ú ló sì gbà. Òrùka píìnì mẹ́ta ló wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi láti ọjọ́ náà.